Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: OHUN TÍ A RÍ NÍ OKO SONGHAI NÍ ÀJÀṢẸ́

Àwọn tí kò bá wa lọ ti ń bi wá pé kí la lọ ṣe nílùú àwọn Faransé tí a fi ti ìsọ̀ pa fún odidi ọjọ́ kan. Ìyálọ́jà wa ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kí ó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí.

Ẹ ó rántí pé ọ̀rọ̀ méjì ló ti ń dà wá láàmú láti ọdún tó kọjá. Àkọ́kọ́ ni ìdọ̀tí. Òkìtì tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti àwọn ọlọ́sàn ti ga dé èjìká ènìyàn. A ń sanwó ọkọ̀ akódọ̀tí lóṣooṣù, ọkọ̀ náà kì í sì í wá déédéé. Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, omi dúdú a máa ṣàn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran. Ìkejì ni oògùn kòkòrò. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wà wa, bó bá ti tú àpò ẹ̀wà, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, àyà á há a, orí á sì máa fọ́ ọ títí di alẹ́. Oníbàárà kan náà sì da ẹ̀fọ́ ṣọkọ padà síwájú àtẹ ẹnì kan lójú gbogbo ayé, ó ní òórùn oògùn ló ń tinú ìkòkò ọbẹ̀ òun jáde. Ẹni tó ta ẹ̀fọ́ yẹn kò fín oògùn sí nǹkankan. Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ló ti rà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bú? Alátẹ ni.

Ìdí rèé tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a lọ wo ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ láìlo ajílẹ̀ òyìnbó, láìlo oògùn olóró, kí a fojú ara wa rí i bóyá òótọ́ ni tàbí ẹnu lásán.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni a lọ. Bọ́ọ̀sì méjì ni a háyà, ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. A gba Ìdí-Ìrókò, bodè tí wọ́n tì ní 2019 tí wọn ò ṣí fún wa títí di 2022, ẹ̀yin alátàrọ̀ọ́bọ̀ ìrẹsì àti òróró ẹ mọ ohun tí ojú yín rí nígbà yẹn. A kọjá Ìgòlò, ó di Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Ègùn ń pè ní Họ̀gbónù. Ọ̀nà dára. Ẹ̀bà àti ẹja díndín ni a gbé lọ́wọ́, nítorí a kò fẹ́ fi owó wa ra seefà ju bó ti yẹ lọ.

Songhai wà ní àdúgbò Ouando, kò jìnnà sí ọjà wọn. Orúkọ yẹn kì í ṣe ti Ègùn, kì í sì í ṣe ti Yorùbá. Ilẹ̀ ọba ńlá kan láyé àtijọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ní ìhà Gáò àti Tìmbúkútù. Ẹni tó dá oko náà sílẹ̀ ní 1985 ni Fadá Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ọmọ Nàìjíríà níbí ni. Amẹ́ríkà ló wà, ìwé ló ń kà tó sì ń kọ́ni, kó tó rí bí ebi ṣe ń pa àwọn ará Áfíríkà nínú tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún ọ̀dá yẹn, ló bá padà wálé. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fún un ní ilẹ̀ hẹ́kítà kan péré. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, wọ́n ti ní ẹ̀ka ní Savalou àti Parakou, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ti ìlú púpọ̀ wá kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, títí kan àwọn ọmọ wa láti Nàìjíríà.

Ọmọkùnrin tó mú wa yí ká jẹ́ ọmọ Kétu. Yorùbá tiwọn ni wọ́n ń pè ní Nàgó, ó yé wa dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kó Faransé mọ́ ọn. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé nínú oko yìí, kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdọ̀tí. Ohun tí adìẹ bá yà, ẹja ń jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí ẹja bá yà, ẹ̀fọ́ ń jẹ ẹ́. Ewé tó bá gbó lára ẹ̀fọ́, ehoro àti ọ̀yà ń jẹ ẹ́. A rò pé àsọdùn ni, ó bá ní kí a máa bọ̀.

Ó mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń sin ìdin. Bẹ́ẹ̀ ni o, ìdin! Wọ́n á kó ìgbẹ́ adìẹ àti ìfun ẹran tí wọ́n pa sójú kan, eṣinṣin á yé sí i, nígbà tó bá di ọjọ́ díẹ̀ ìdin á ti yọ, wọ́n á kó o fún ẹja àti adìẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ja wa tutọ́ sílẹ̀, ó ní òun ò jẹ ẹja àdásìn mọ́ láyé òun. Èkejì rẹ̀ bi í pé ṣé ẹja inú odò máa ń fọ ohun tó ń jẹ kó tó jẹ ẹ́ ni? Ẹ̀rín pa wá títí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sin àrọ̀ rí mọ̀ pé owó oúnjẹ ẹja ló ń pa àwọn ẹlẹ́ja sí gbèsè.

A dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn Alhaja wa dúró lọ́ọ̀ọ́kán, a kò sì bá wọn jà. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti ti ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n ń dà sínú kòtò kan tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe tí wọ́n sì dé pa, tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti rà, gáàsì á sì máa tinú rẹ̀ jáde wá sínú páìpù, òun ni wọ́n fi ń dáná. Omi tó bá kù nídìí kòtò, ajílẹ̀ ni. Koríko orí omi tó ń dí àwọn apẹja lọ́nà, èyí tó ní òdòdó àwọ̀ àlùkò, tó ti ọ̀dọ̀ wọn wọ odò Àgbádárìgì ní 1984 tó sì ti di wàhálà fún wa títí dòní, àwọn ń kó o sínú kòtò gáàsì yẹn náà, wọ́n sì tún ń fi í fọ omi ìdọ̀tí, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa fa ìdọ̀tí mu. Ohun tí àwa ń sá fún, àwọn ń lọ wá a.

A rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe omi èso sínú ìgò, ibi tí wọ́n ti ń fún òróró sóyà, àti ibi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀rọ oko fúnra wọn. A kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, agbára wa kò tí ì ká a. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá ni òkìtì ajílẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ti pẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dáadáa.

Ajílẹ̀ yìí, ohun kan náà tí a ń san owó kí wọ́n bá wa kó dànù ni wọ́n fi ń ṣe é. Pòpórò ẹ̀fọ́, èèpo ọsàn, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo, tòmátì tó rà, ewé tí a fi di ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé a kàn ń dà wọ́n jọ. Ti àwa lẹ́yìn ìsọ̀ jọ wà níbẹ̀, ó ń rùn, ó sì ń bí eku. Tiwọn kì í rùn. Kí ló fa ìyàtọ̀? Afẹ́fẹ́ ni, àti bí wọ́n ṣe ń to ohun gbígbẹ mọ́ ohun tútù.

Wọ́n á wá ibi tó ní ìbòòji, tí omi kì í dúró sí. Orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń tò ó sí, kì í ṣe orí símẹ́ńtì, kí ekòló lè rí ọ̀nà gòkè. Ohun gbígbẹ ni yóò wà nísàlẹ̀: pòpórò àgbàdo, háhá, koríko gbígbẹ, tí wọ́n gé kéékèèké, kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin sí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ohun tútù, ìyẹn ewé àti èèpo èso, èyí kò gbọdọ̀ nípọn tó gbígbẹ. Wọ́n á wá fi ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti ewúrẹ́ lé e díẹ̀, eérú díẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan. Wọ́n á wọ́n omi sí i. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbẹ, títí tí yóò fi ga dé ìbàdí. Bí kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, kò ní gbóná, bí kò bá sì gbóná, èso koríko àti kòkòrò àìsàn inú rẹ̀ kò ní kú.

Omi ńkọ́? Ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fún un lọ́wọ́. Bí aṣọ tí a fọ̀ tí a ti fún omi rẹ̀ dànù ni kó rí. Bí omi bá ń kán láàárín ìka yín, ó ti pọ̀ jù, yóò rùn. Bó bá fọ́n ká bí iyanrìn, ó gbẹ jù, kò ní jẹrà. Wọ́n á wá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àpò bò ó lórí nítorí òòrùn àti òjò.

Wọ́n ti ọ̀pá kan bọ àárín òkìtì náà. Ọmọkùnrin yẹn fà á yọ, ó ní kí Ìyálọ́jà fọwọ́ kàn án. Ìyálọ́jà fọwọ́ kàn án, ó pariwo! Ó gbóná bí ọ̀pá tí a fà yọ nínú ààrò. Kò sì sí iná níbẹ̀ o. Ìjẹrà náà ló ń mú ooru wá. Bí ẹ bá ṣe òkìtì tí ọ̀pá kò gbóná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, yálà ó gbẹ jù, tàbí ohun tútù àti ìgbẹ́ inú rẹ̀ kò tó. Bó bá ń rùn, ẹ tú u, kí ẹ fi háhá gbígbẹ kún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á fi ṣọ́bìrì yí i, èyí tó wà ní ìta á bọ́ sínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, wọ́n á tún yí i. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ó ti di dúdú, a kò mọ èwo ni èèpo ọsàn èwo ni ewé mọ́, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò. Ó bù ú fún wa, a gbóòórùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló ti tó lò.

Ohun tí kò gbọ̀dọ̀ bọ́ sínú rẹ̀ ni nylon, ike, ìgò, báàtìrì, ẹran, ẹja, oúnjẹ olóróró (torí eku àti ajá) àti ohun oníyọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí náà kedere: ìgbẹ́ adìẹ tútù tí àwọn àgbẹ̀ kan ń kó sára ẹ̀fọ́ tààrà kò dára. Kòkòrò àìsàn wà nínú rẹ̀, ewé tí a ń jẹ ló sì ń dà á sí. Àfi kó kọ́kọ́ gbóná nínú òkìtì ná.

Ó kan ọ̀rọ̀ kòkòrò ara ewé. Dóńgóyárò tó kún inú gbogbo àdúgbò wa yìí ni wọ́n ní kí a máa lò. A ó gún ewé rẹ̀, nǹkan bíi kílò kan sí omi lítà márùn-ún, a ó rẹ ẹ́ mọ́jú, a ó sẹ́ ẹ, a ó fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, a ó sì fín in nírọ̀lẹ́. Òòrùn ni kì í jẹ́ kó pẹ́ lára ewé, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fín in lọ́sàn-án. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀ bí ti inú ìgò. Ṣe ló máa ń mú kó má lè jẹun, kó má lè dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkú kòkòrò lójú ẹsẹ̀ yóò rò pé kò ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ní kí àgbẹ̀ má ṣe gbin tòmátì, ata àti ìgbá tẹ̀ lé ara wọn lórí ebè kan náà, nítorí ọmọ ìyá kan ni wọ́n, àìsàn kan náà ló ń bá wọn jà. Kí ó fi ẹ̀wà tàbí ilá sí àárín wọn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni àwọn ẹlẹ́wà bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Wọ́n ní ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí bá wí, kí ni ti àwọn, ṣé dóńgóyárò ni àwọn yóò fi lé kòkòrò inú àpò ọgọ́rùn-ún kílò? Ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀, torí gbogbo wa mọ ohun tí ọ̀tápíápíá ń ṣe. Ní 2015, ilẹ̀ Yúróòpù kò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́ nítorí oògùn yìí, dichlorvos, tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tà á mọ́. Ṣùgbọ́n ìgò ńlá ṣì wà, àwọn kan sì ń bù ú kéékèèké. Ẹni tó ń dà á sínú ẹ̀wà ni yóò kọ́kọ́ fà á símú, kí oníbàárà tó jẹ ẹ́.

Àbúrò wa kan tó bá wa lọ, tó ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gbìn ṣiṣẹ́ rí, ló dá wọn lóhùn. Ó ní àpò onípele mẹ́ta wà, tí àwọn ọ̀mọ̀wé Purdue ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Kamẹrúùnù. PICS ni wọ́n ń pè é. Nylon méjì tó nípọn ló wà nínú, àpò bàǹkó lóde. A ó da ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sí i, a ó fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, a ó so ẹnu nylon kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pinpin. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ yóò mí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù tán, yóò kú. Kò sí oògùn níbẹ̀ rárá. Kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù tó dé pinpin, tí ẹ̀wà kún dé ẹnu, lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ojoojúmọ́ la ń tú àpò láti wọn kóńgò, báwo ni afẹ́fẹ́ ò ṣe ní wọlé?” Òótọ́ ló sọ. Èyí tí a ń tà lọ́wọ́ kò lè wà nínú rẹ̀. Èyí tí a tò pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n ni a ó so pa, àpò kan ṣoṣo ni a ó máa tú lẹ́ẹ̀kan.

Ti ẹ̀fọ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a tan ara wa. Àwọn oníbàárà wa ni kì í fẹ́ ewé tó níhò. Bí ṣọkọ bá ní ihò méjì mẹ́ta, wọ́n á yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á mú èyí tó ń dán. Àgbẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló ṣe ń fín oògùn títí di àná ọjà. Ara ìgò oògùn ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé ọjọ́ báyìí ni kí ó kọjá kí a tó ká ewé, àgbẹ̀ tí kò kà á tàbí tí owó ń lé níwájú kò ní dúró. Fífọ̀ nìkan kò tó, torí àwọn oògùn kan ń wọnú ewé lọ ni. Ojú lásán kò sì lè fi mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni pé kí a mọ oko tí a ti ń rà, kí a sì máa bèèrè ọjọ́ tí wọ́n fín in kẹ́yìn. Àwọn kan nínú wa ní kí a máa ta ti aláìlóògùn ní ọ̀wọ́n, bí wọ́n ti ń ṣe ní sọ́ọ̀bù àwọn olówó. A kò rò pé yóò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọjà tiwa. Èrè tí a rí nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi yúríà lé ní kíákíá kì í pẹ́ rọ lórí àtẹ. Ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́ ẹ mọ iye tí ẹ ń dà nù ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé wá sí ìpàdé nìyí. Àgbẹ̀ kan lọ́nà odò ti gbà pé bí a bá fún òun ní ajílẹ̀ tó jinná, òun kò ní fín oògùn olóró sí ebè tí òun bá yà sọ́tọ̀ fún wa, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ wa lè lọ wò ó nígbàkígbà tó bá wù wọ́n. Ẹ̀yìn kànga ni a fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ òkìtì àkọ́kọ́. Àwọn aláṣọ ti ní àwọn kò fẹ́ ẹ níbẹ̀, wọ́n ní bó bá rùn, oníbàárà àwọn yóò sá. Ẹ̀tọ́ wọn ni. A ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta, bó bá rùn láàárín ìgbà yẹn, àwa fúnra wa ni yóò kó o kúrò. Wọn kò tí ì dá wa lóhùn. Bí wọ́n bá gbà, dúrọ́ọ̀mù méjì ni yóò máa wà ní ìdí ìsọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá, ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, ọ̀kan fún nylon àti ike. Ẹni tó bá da nylon sínú tí èkíní, a kò tí ì fẹnu kò lórí ohun tí yóò san.

Ìpàdé á wáyé ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi wa. Kí àwọn aláṣọ rán ẹni méjì wá ó kéré tán. Ẹni tó bá ní dúrọ́ọ̀mù tí ìdí rẹ̀ ti lu, kó gbé e wá, ìdí tó lu yẹn gan-an ló dára. Àwọn ẹlẹ́wà tó fẹ́ kí a bá wọn béèrè iye tí àpò onípele mẹ́ta jẹ́, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò.